Bíìtì Oúnjẹ Ẹran ní Ilẹ̀ Oníyọ̀ Aṣálẹ̀ Íjíbítì: Ìfaradà Kì í Ṣe Ìfẹ́

Ìfáàrà

Iyọ̀ kì í ṣe àjèjì láwùjọ Yorùbá. A ń fi í sọ ọmọ lórúkọ, a ń fi kan ọmọ lẹ́nu, a sì ń wúre pé kí ayé rẹ̀ dùn bí iyọ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yìí kan náà ni ọmọ aláìgbọràn máa ń bù sí ekòló lára kí ó lè rí i wò. Ekòló yóò máa yí gbiri, omi ara rẹ̀ yóò máa dà síta, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ. Iyọ̀ kò gé e, kò sì jó o. Omi ara rẹ̀ ni iyọ̀ fà jáde. Ohun tí iyọ̀ ṣe fún ekòló yìí ni ó ń ṣe fún gbòǹgbò irúgbìn tí a bá gbìn sínú ilẹ̀ oníyọ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ iṣẹ́ yìí kò ju gbólóhùn kan lọ. Nígbà tí a lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìfikọ́ra iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó sọ fún wọn pé irúgbìn kan wà ní aṣálẹ̀ tí ó fẹ́ràn iyọ̀, tí ó máa ń jẹ iyọ̀ inú ilẹ̀ tán, tí ilẹ̀ náà yóò sì padà di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, a sì fún un ní máàkì tí ó pọ̀ lórí èdè. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ yóò pàdánù irúgbìn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò sì pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Irúgbìn tí olùkọ́ náà ní lọ́kàn ni bíìtì tí wọ́n ń gbìn fún ẹran ọ̀sìn. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ní ilẹ̀ oníyọ̀ Íjíbítì, ohun tí ó lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe.

Bí iyọ̀ ṣe ń gba ilẹ̀

Kò sí omi odò tàbí omi kànga tí kò ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, bí ahọ́n wa kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí a bá bu omi bẹ́ẹ̀ sí oko, oòrùn yóò fa omi lọ, irúgbìn yóò mu nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní bá wọn lọ. Ẹni tí ó bá ti gbé omi oníyọ̀ kaná rí títí tí omi fi gbẹ tán mọ funfun tí ó máa ń kù sí ìdí ìkòkò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò ni ó ń bá wa fọ ìkòkò náà. Ìbàdàn ń gba òjò tí ó tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 lọ́dún, òjò yìí sì ń ṣan iyọ̀ kúrò lókè ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àti sínú odò. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ wa tí kò gbé létí òkun kì í fi í bá iyọ̀ inú ilẹ̀ jà. Ní Íjíbítì, Kàírò kì í gbà ju nǹkan bí mìlímítà 25 lọ lọ́dún. Alẹkisáńdíríà tí ó wà létí òkun, tí òjò rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú tó kù lọ, ń gba nǹkan bí 200. Ìkòkò wọn kò rí omi fọ.

Láyé àtijọ́, odò Náílì ni ó ń ṣe iṣẹ́ òjò fún wọn. Lọ́dọọdún ni ó máa ń kún bo ilẹ̀, tí ó ń gbé ẹrọ̀fọ̀ wá, tí ó sì ń fọ iyọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò ńlá Aswan ní 1970, àkúnya náà dópin. Ìsédò yìí fún wọn ní iná mànàmáná, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè bomi rin oko yípo ọdún, ṣùgbọ́n bíbomi rin oko láìdáwọ́dúró, níbi tí omi kò bá rí ọ̀nà ṣàn jáde, máa ń gbé omi abẹ́ ilẹ̀ sókè. Omi tí ó bá ti súnmọ́ òkè ilẹ̀ báyìí, oòrùn yóò máa fà á bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, iyọ̀ yóò sì máa kù sókè. Apá àríwá ilẹ̀ Náílì tí ó kọjú sí òkun ni ìyọnu yìí pọ̀ sí jù. Ní ilẹ̀ Sínáì pẹ̀lú, kànga ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, omi kànga náà sì níyọ̀. Láti 1997 ni wọ́n ti gba abẹ́ ipa odò Súẹ́sì gbé omi kọjá sí àríwá Sínáì nípasẹ̀ ipa odò àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Al-Salaam. Omi tí ó ń gbé kì í ṣe omi Náílì nìkan: wọ́n lú u pọ̀ mọ́ omi tí ó ti ṣàn jáde láti inú oko mìíràn tẹ́lẹ̀. Omi oko àná ni oko tòní ń mu, pẹ̀lú iyọ̀ tí ó ti kó bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọn iyọ̀

Omi tí kò ní iyọ̀ rárá kì í fẹ́ gbé iná mànàmáná kọjá. Bí iyọ̀ inú rẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ni iná ń rí ọ̀nà gbà sí i. Orí èyí ni ẹ̀rọ ìwọyọ̀ dúró lé, òṣùwọ̀n tí ó sì ń lò ni wọ́n ń kọ báyìí: dS/m. Fún ilẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ fi omi po erùpẹ̀ bí ẹní ro ẹ̀kọ mímu, wọn yóò sẹ́ omi rẹ̀ jáde, wọn yóò sì wọn omi náà. Ilẹ̀ tí ó bá ju 4 lọ ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ oníyọ̀. Omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50. Tí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n iyọ̀ gan-an, ẹyọ 1 lórí òṣùwọ̀n yìí sún mọ́ gíráàmù 0.64 nínú lítà omi kan. A ó lo iye yìí níwájú, nítorí náà kí òǹkàwé fi í sọ́kàn.

Ta ni bíìtì?

Yorùbá kò ní orúkọ àbáláyé fún bíìtì nítorí pé kì í hù ní àgbègbè wa, a kò sì rí ìdí tí a ó fi fipá pè é ní iṣu tàbí ọ̀dùnkún. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ó wú ni à ń jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ̀lẹ́bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ìbátan rẹ̀ tí ó súnmọ́ ilé wa ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ẹni tí ó bá fojú sí ewé bíìtì pupa tí wọ́n ń tà nílùú ńlá, tí ó sì wo àwọ̀ ìtàkùn àárín rẹ̀, yóò rí àpẹẹrẹ tẹ̀tẹ̀ pupa nínú rẹ̀.

Bàbáńlá gbogbo bíìtì ni ewéko kan tí ó ń hù fúnra rẹ̀ létí òkun Mẹditaréníà àti létí òkun Àtìláńtíìkì ní Yúróòpù, níbi tí ìgbì òkun ti ń ta sí i lára. Inú ilé iyọ̀ ni a ti bí i. Nínú ewéko yìí ni àwọn àgbẹ̀ ti yan oríṣiríṣi fún ìlò oríṣiríṣi: èyí tí à ń jẹ ewé rẹ̀, èyí pupa tí à ń sè, àti èyí ńlá tí wọ́n ń gbìn fún màlúù ní ilẹ̀ Jámánì àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní 1747, Marggraf ní Bẹ̀lííìnì fi hàn pé ṣúgà inú bíìtì kò yàtọ̀ sí ti ìrèké. Inú bíìtì ẹran ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Achard, ti ṣa irú tí ó dùn jù jáde, èyí tí ó di ìyá bíìtì oníṣúgà. Bíìtì ẹran àti bíìtì oníṣúgà jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò báyìí, àwọn méjèèjì sì wà ní Íjíbítì. Oníṣúgà ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, débi pé ṣúgà tí wọ́n ń rí lára rẹ̀ ti ju ti ìrèké lọ. Ti ẹran kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àgùntàn mẹ́wàá létí aṣálẹ̀ lè jèrè rẹ̀ láìsí pé ọkọ̀ kankan wá kó o.

Bí ó ṣe ń fara da iyọ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ekòló. Omi máa ń lọ láti ibi tí iyọ̀ kò pọ̀ sí ibi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Bí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá pọ̀ ju èròjà inú gbòǹgbò lọ, gbòǹgbò kò ní lè fa omi mọ́, omi tiẹ̀ lè máa ti ara rẹ̀ jáde. Irúgbìn yóò wá máa kú ikú òùngbẹ nínú omi. Èyí ni a fi ń rí oko tí ó tutù rinrin tí ewé inú rẹ̀ sì rọ.

Bíìtì ní ọgbọ́n méjì. Èkíní ni pé kò lé sódíọ̀mù, èyí tí ó jẹ́ ìdajì iyọ̀ ọbẹ̀, padà sẹ́yìn bí àwọn irúgbìn mìíràn ti ń ṣe. Ó gbà á wọlé, ó gbé e lọ sínú ewé, ó sì tì í mọ́ inú yàrá omi tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò ti ní ba iṣẹ́ jẹ́. Bí yàrá náà ti kún fún iyọ̀ ni ó ń fa omi wọlé láti inú ilẹ̀ oníyọ̀. Èkejì ni pé kí apá tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì má baà gbẹ nítorí iyọ̀ tí ó wà nínú yàrá, bíìtì máa ń ṣe èròjà kan tí kì í pa á lára, tí ó sì ń di omi mú. Inú oje bíìtì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èròjà yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ bíìtì náà ni wọ́n sì sọ ọ́: bítéènì.

A gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa níbi yìí. Bíìtì ń jàǹfààní díẹ̀ lára sódíọ̀mù. Bí pọtásíọ̀mù kò bá tó nínú ilẹ̀, ó lè fi sódíọ̀mù dípò apá kan rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń wọ́n iyọ̀ sí oko bíìtì wọn bí ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ọbẹ̀ ti ní ìwọ̀n. Ibi tí ìwọ̀n náà parí sí ni ọ̀rọ̀ wa kàn báyìí.

Òǹkà 7 àti òǹkà 3

Ní 1977, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Maas àti Hoffman, ṣe àkójọ ìwọ̀n iyọ̀ tí irúgbìn kọ̀ọ̀kan lè gbà kí èso rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Àgbàdo kò lè kọjá 1.7, ọ̀dùnkún kò lè kọjá 1.5. Kílófà tí àwọn ará Íjíbítì ń pè ní bẹrísíìmù, tí ó jẹ́ olórí oúnjẹ ẹran wọn nígbà òtútù, kò lè kọjá 1.5 pẹ̀lú. Bíìtì oníṣúgà dé 7 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín, lẹ́yìn náà ni ó ń pàdánù nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ 10, bẹrísíìmù yóò ti pàdánù nǹkan bí ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mú wá. Bíìtì kò ní tíì pàdánù ìdá 20 nínú 100. Òótọ́ ni pé ọkà báálì tayọ bíìtì lórí àkójọ yìí, nítorí pé ó dé 8. Àgbẹ̀ tí kò ní omi tó láti rin oko rẹ̀ lè gbin báálì, kò sì ṣìnà.

Òǹkà 7 yìí ni ó máa ń wọ inú ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń pín fún àgbẹ̀. Òun náà ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Bíìtì tí ó ti dàgbà ni ó ni òǹkà náà. Àjọ FAO kìlọ̀ pé nígbà tí irúgbìn bíìtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ilẹ̀ tí ó yí i ká kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ohun tí àgbà ń jẹ tí ikùn rẹ̀ kò fi dùn ún, ìkókó kò lè jẹ ẹ́. Yàrá tí wọ́n ń ti iyọ̀ mọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ni lára ọmọ bíìtì, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní òkè ilẹ̀, níbi tí iyọ̀ ti ń kó jọ jù. Àgbẹ̀ tí ó rí 6 lórí ẹ̀rọ, tí ó sì sọ pé òun ṣì ní ẹyọ kan sí i, yóò dá irúgbìn sílẹ̀, yóò sì rí oko tí ó hù ní pátipàti bí orí ẹni tí làpálàpá ń bá jà.

Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n gbígbin bíìtì ní ilẹ̀ oníyọ̀ dá lé bí a ó ṣe gbé ọmọ náà kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ní Íjíbítì, oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni wọ́n sábà máa ń gbìn ín, nígbà tí oòrùn ti rọ̀, tí kì í fa omi sókè kíákíá mọ́. Kí wọ́n tó gbìn ín, wọn yóò bu omi púpọ̀ sí ilẹ̀ láti ti iyọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá ní oríṣi omi méjì, èyí tí kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni yóò fi rin oko títí ewé yóò fi gbèrú, yóò sì fi omi kànga oníyọ̀ sí ìgbà tí bíìtì bá ti le. Ẹni tí ó bá ṣe é ní ìdàkejì, tí ó ń ṣọ́ omi dáradára lò títí di ìparí, ti fi oògùn pamọ́ títí aláìsàn fi kú.

Hóró bíìtì ti àtijọ́ náà ní ìwà tirẹ̀. Ohun tí a rí bí hóró kan jẹ́ hóró mélòó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, èyí tí ó ń jẹ́ kí èéhù méjì tàbí mẹ́ta yọ láti ojú kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa àwọn tó pọ̀ jù tu, kí ó ku ọ̀kan ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 20 sí 25 síra wọn. Ẹ̀ya oníhóró kan ṣoṣo tí Savitsky rí ní Oregon ní Amẹ́ríkà ní 1948 ti mú iṣẹ́ yìí fúyẹ́ fún àwọn tí ń gbin bíìtì oníṣúgà, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ oníyọ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì fẹ́ràn hóró púpọ̀: bí méjì bá kú, ọ̀kan á kù.

Ẹ̀gbẹ́ ebè, kì í ṣe orí ebè

Àgbẹ̀ Yorùbá mọ ebè, ó sì mọ poro. Orí ebè ni a ń gbin iṣu sí. Bí a bá gbin bíìtì sí orí ebè ní ilẹ̀ oníyọ̀ tí a ń gba poro bomi rin, a ti pa á. Omi tí ó wà ní poro yóò wọ inú ebè láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò máa gun òkè, oòrùn yóò fà á lọ ní góńgó orí ebè, iyọ̀ tí ó gbé bọ̀ yóò sì jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ènìyàn lè fi ojú lásán rí i bí ó ṣe funfun. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ebè, lókè díẹ̀ sí ibi tí omi poro ń dé, ni wọ́n ń gbin hóró sí. Níbẹ̀ ni omi ti ń kọjá, tí iyọ̀ kò sì rí àyè dúró.

Níbi tí wọ́n bá ti ń lo rọ́bà tí ń kán omi tó-tó-tó sí ìdí irúgbìn, nǹkan kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìrísí mìíràn. Ojú ibi tí omi ń kán sí yóò mọ́, iyọ̀ yóò sì ṣe òrùka yí etí ibi tí ó tutù ká. Ohun tí ó ya wá lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ nípa òjò. Bí òjò wẹ́wẹ́ bá rọ̀ ní aṣálẹ̀, inú àgbẹ̀ a dùn, yóò fẹ́ ti ẹ̀rọ omi rẹ̀ pa. Kò gbọdọ̀ tì í. Òjò kékeré náà kò lágbára láti ti iyọ̀ lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára láti wó òrùka iyọ̀ náà lu gbòǹgbò irúgbìn. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa kán lọ bí òjò ti ń rọ̀, kí iyọ̀ má baà rí ọ̀nà padà. Ní ilẹ̀ wa tí òjò jẹ́ ìbùkún láìsí àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti gbà gbọ́.

Ibo ni iyọ̀ ń lọ?

Èyí ni ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kò bi ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dáhùn rẹ̀, irú èyí tí a lè ṣe lójú pátákó. Kí a sọ pé omi tí àgbẹ̀ kan ń lò jẹ́ 4 lórí òṣùwọ̀n wa. Lítà kan rẹ̀ ní iyọ̀ tí ó fi díẹ̀ ju gíráàmù 2.5 lọ, èyí ni pé mítà oníhà mẹ́ta omi kan ní nǹkan bí kílógíráàmù 2.5. Bí hẹ́kítà kan bá gba mítà oníhà mẹ́ta 6,000 láti ìgbà gbígbìn títí di ìgbà wíwú, iyọ̀ tí ó wọ ilẹ̀ náà jẹ́ tọ́ọ̀nù 15. Kí a sọ pé oko náà so dáadáa, tí ó mú tọ́ọ̀nù 60 gbòǹgbò wá pẹ̀lú ewé rẹ̀. Omi ni ó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò yìí, gbígbẹ rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 10. Bí a bá sun gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ewé, tí a sì ka gbogbo eérú rẹ̀ sí iyọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iyọ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò ní ju tọ́ọ̀nù kan tàbí méjì lọ. Tọ́ọ̀nù 13, ó kéré tán, ṣì wà nínú ilẹ̀ láti inú ọdún kan ṣoṣo.

Ibí yìí ni àṣìṣe náà ti di ewu. Bíìtì kò fọ ilẹ̀. Omi ni ó ń fọ ilẹ̀, omi náà sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ṣàn sí. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé ni pé kí àgbẹ̀ bu omi kọjá èyí tí irúgbìn nílò, kí èlé náà lè gbé iyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá gbòǹgbò. Fún omi tí ó jẹ́ 4 àti ilẹ̀ tí a kò fẹ́ kí ó kọjá 7, ìṣirò FAO fi hàn pé èlé náà yóò tó ìdá 13 nínú 100 gbogbo omi tí a bù. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí kòtò tàbí ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ tí yóò kó omi èlé yìí jáde, omi abẹ́ ilẹ̀ ni yóò gbé sókè, iyọ̀ yóò sì padà wá pẹ̀lú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ní owó hóró tí kò ní owó kòtò kò tíì múra tán. Ní ibi tí sódíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú amọ̀, tí ilẹ̀ dì pa tí omi kò sì wọ inú rẹ̀ mọ́, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi jípúsọ́mù sí i kí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ lè gba ipò sódíọ̀mù.

Kí ni bíìtì ṣe wúlò fún nígbà náà? Ìwúlò rẹ̀ ni pé nígbà tí àgbẹ̀ bá ń ṣe gbogbo làálàá yìí, ẹran rẹ̀ ń rí oúnjẹ jẹ láti orí ilẹ̀ tí bẹrísíìmù kò lè gbé. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Aṣálẹ̀ ti Íjíbítì ní oko àyẹ̀wò ní Ras Sudr létí apá òkun Súẹ́sì, níbi tí omi kànga ti níyọ̀ tí erùpẹ̀ sì kún fún ẹfun. Bíìtì ẹran wà lára àwọn irúgbìn tí wọ́n ti dán wò níbẹ̀ fún àwọn tí ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́ ní Sínáì. Bí wọ́n bá gbìn ín ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, yóò ti tó wú láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ìgbà tí bẹrísíìmù ń parí lọ tí ooru ń wọlé, tí ẹran kò sì rí ewé tútù jẹ mọ́. A lè fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ díẹ̀ kí a máa wú u bí a ti nílò rẹ̀.

Fífi í bọ́ ẹran

Ṣúgà ni ó pọ̀ jù nínú gbígbẹ gbòǹgbò bíìtì, ìyẹn sì ni oore rẹ̀ àti ewu rẹ̀. Bí ebi bá ti ń pa àgùntàn, tí wọ́n wá da bíìtì fún un lójijì, ṣúgà náà yóò kan nínú àpòlúkù rẹ̀, ẹran yóò dùbúlẹ̀, ó sì lè kú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ ẹran, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò. Wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́, nítorí pé odindi rẹ̀ lè há ẹran lọ́fun. Gbòǹgbò náà kò ní èròjà amáradàgbà tó, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ sì kéré, nítorí náà kò lè dá ẹran bọ́. Ewé ni ó fi èròjà amáradàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ewé yìí ni èròjà kíkan ọ́sálíìkì pọ̀ sí, irú èyí tí ó wà nínú tẹ̀tẹ̀ ìbátan rẹ̀. Ó ń dènà kálísíọ̀mù lára ẹran. Wọ́n máa ń sá ewé náà kí ó rọ, wọn kì í sì í fún ẹran ní àjẹyó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ mọ́ iyọ̀. Bíìtì tí ó hù nínú iyọ̀ gbé iyọ̀ wá sínú ewé rẹ̀, ẹran tí ó bá jẹ ẹ́ yóò mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí omi mímu kan ṣoṣo tí ó wà bá jẹ́ ti kànga oníyọ̀ yẹn náà, iyọ̀ yóò di méjì lára ẹran kan. Darandaran gbọ́dọ̀ ka omi mímu ẹran mọ́ ara owó bíìtì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí olùkọ́ yóò lò

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ka Yorùbá ni àwa, a kò lè fi ọ̀rọ̀ èdè sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá ti kọ́ wa pé kí a wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí a kò ní orúkọ fún. Ní ti ẹ̀kọ́ yìí, ìṣòro wa kò sí lára ọ̀rọ̀-orúkọ. Bíìtì ń jẹ́ bíìtì, sódíọ̀mù ń jẹ́ sódíọ̀mù, àwọn ọmọ yóò sì mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ṣì wá lọ́nà. "Bíìtì fẹ́ràn iyọ̀" yàtọ̀ sí "bíìtì ń fara da iyọ̀", àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí "bíìtì ń jẹ iyọ̀ tán". Ẹni tí ó fara da ẹrù wúwo kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹrù náà kò sì dín kù nítorí pé ó gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ń gbọ́ Yorùbá nílé mọ ìyàtọ̀ yìí láìsí àlàyé, nítorí náà kò sí ìdí tí olùkọ́ kò fi ní lo "fara da" láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. A gbé máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ wa lórí èdè. Bí a bá tún ìwé náà gbà, a ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Fún ẹni tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí níbi tí kò ti sí bíìtì tàbí aṣálẹ̀, agolo mílíìkì mẹ́rin àti ẹ̀wà tó. Lu ìdí agolo mẹ́ta, má lu ti ẹ̀kẹrin. Gbin ẹ̀wà sínú gbogbo wọn. Máa fi omi lásán rin èkíní. Máa fi omi tí a pò mọ́ ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan nínú lítà méjì rin èkejì. Máa fi omi oníyọ̀ kan náà rin ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀wà rẹ̀ bá ti hù fún ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú omi lásán. Fi omi oníyọ̀ náà rin ẹ̀kẹrin tí a kò lù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà, kí o sì gbé gbogbo wọn síbi tí òjò kò ti ní pa wọ́n. Kí àwọn ọmọ máa ka ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí wọ́n da erùpẹ̀ ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin sórí ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n sì wò ó, èwo ni ó funfun jù.